Orí Kẹfà: Ọwọ́ Ta Ni Àṣẹ Wà ní Ilẹ̀ Ireland?

Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1982, ìjọba ilẹ̀ Ireland ṣubú nítorí bàtà ọmọdé. Garret FitzGerald ni olórí ìjọba nígbà náà. Ètò ìsúnná tí wọ́n gbé wá sí ilé aṣòfin fẹ́ dá owó orí lé aṣọ àti bàtà, ti àwọn ọmọdé pẹ̀lú. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba kò pọ̀ tó láti dá dúró nínú ilé. Àwọn aṣòfin díẹ̀ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan ni wọ́n gbára lé. Nígbà tí wọ́n dìbò, Jim Kemmy, ọ̀kan nínú irú àwọn aṣòfin bẹ́ẹ̀, láti Limerick, kọ̀yìn sí ètò ìsúnná náà, ìjọba sì pàdánù. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni FitzGerald gba ilé ààrẹ lọ, pé kí wọ́n tú ilé aṣòfin ká.

Kò sí sójà tó lé e. Kò sí ilé-ẹjọ́ tó yọ ọ́. Aráàlú pàápàá kò tíì débi ìdìbò. Ìbò kan nínú ilé aṣòfin lórí owó orí ti tó.

Agbára ìṣàkóso ni orí yìí dá lé: agbára láti mú òfin ṣẹ, láti ná owó ìlú, láti gba òṣìṣẹ́, láti fọwọ́ síwèé kí nǹkan tó di ṣíṣe. Ní ilẹ̀ Ireland, ẹni tó gbé oyè rù kọ́ ló máa ń ní agbára yìí lọ́wọ́ nígbà gbogbo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ ibi tó fìdí sí gbọ́dọ̀ máa béèrè pé: ta ló ń fọwọ́ síwèé náà, ta ló sì lè bi í pé èé ṣe tó fi fọwọ́ sí i?

Ìjọba àti Dáil

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà, tí aráàlú dìbò fún ní 1937 nígbà tí Éamon de Valera ń ṣèjọba, kò fi ọ̀rọ̀ yìí bò rárá. Abala 28 rẹ̀ sọ pé Ìjọba ni yóò máa lo agbára ìṣàkóso, tàbí ẹni tí Ìjọba bá fún láṣẹ. Àwọn tí òfin ń pè ní Ìjọba níbí yìí kò pọ̀: wọn kò gbọ́dọ̀ dín sí méje, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Taoiseach ni olórí wọn, ó sì máa ń dún létí bíi "Tíṣọ̀kì" lẹ́nu àwọn onílùú. Tánaiste ni igbákejì rẹ̀. Àwọn méjèèjì àti mínísítà ètò ìnáwó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Dáil, ilé aṣojú-ṣòfin tí aráàlú ń dìbò yàn. Àwọn mínísítà yòókù lè ti Dáil wá tàbí kí wọ́n ti Seanad, ilé aṣòfin àgbà, wá, ṣùgbọ́n ẹni méjì péré ni òfin gbà láti Seanad.

Ẹni tó bá ti mọ ètò ìjọba Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbí. Ní Abuja, aṣòfin tó bá di mínísítà ti fi àga rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé aṣòfin nìyẹn. Ní Dublin, ẹni tí kò bá ní àga nínú ọ̀kan lára ilé méjèèjì kò lè di mínísítà.

Aráàlú kì í dìbò yan Taoiseach. Àwọn ọmọ Dáil ni wọ́n ń yàn, àwọn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní TD. Lẹ́yìn ìdìbò ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, wọ́n jẹ́ 174. Àwọn TD yìí ló ń fa ẹnì kan kalẹ̀, tí ààrẹ yóò sì fi jẹ Taoiseach. Taoiseach náà yóò to orúkọ àwọn mínísítà rẹ̀, yóò gbé e wá síwájú Dáil, bí Dáil bá sì ti fọwọ́ sí i, ààrẹ á yàn wọ́n. Ó jọ ti Ọ̀yọ́ Mèsì àti Aláàfin láyé àtijọ́: àwọn tó fi í jẹ ló lè kọ̀ ọ́, bí wọ́n bá sì ti kọ̀ ọ́, ó ti tán. Àmọ́ Taoiseach tí Dáil kọ̀ ṣì ní ọ̀nà kan. Ó lè ní kí ààrẹ tú ilé ká kí òun lè padà lọ bá aráàlú. Ọ̀nà yẹn ni FitzGerald gbà ní 1982, aráàlú kò sì dá a padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí pé ẹgbẹ́ kan kì í sábà pọ̀ tó láti dá ṣèjọba, àdéhùn láàárín ẹgbẹ́ ló ń pinnu púpọ̀. Fianna Fáil àti Fine Gael, tí ìṣọ̀tá wọn ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ogun abẹ́lé ọdún 1922, kò jọ jókòó nínú ìjọba kan náà rí àfi ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, tí àwọn Green sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Fianna Fáil àti Fine Gael gbà láti máa gba ipò Taoiseach fún ara wọn. Micheál Martin ti Fianna Fáil ṣe é títí di oṣù Kejìlá ọdún 2022, ó sì gbé e lé Leo Varadkar ti Fine Gael lọ́wọ́. Nígbà tí Varadkar sọ ní oṣù Kẹta ọdún 2024 pé òun ń lọ, ẹgbẹ́ rẹ̀ mú Simon Harris, Dáil sì dìbò fún un ní oṣù Kẹrin. Taoiseach mẹ́ta nínú Dáil kan ṣoṣo, láìsí ìdìbò gbogbogbòò láàárín wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ni Martin tún padà, àdéhùn tuntun sì wà pé Fine Gael ni yóò gba ipò náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2027. Ọ̀pọ̀ àjèjì máa ń sọ pé èyí kò bá ìjọba tiwa-n-tiwa mu. Ó bá a mu. Ẹni tí Dáil bá fọwọ́ sí ni olórí ìjọba, Dáil náà ni aráàlú sì yàn.

Inú yàrá ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn mínísítà sábà máa ń jókòó ní Government Buildings, ní òpópónà Merrion ní Dublin. Àbá kì í ṣàdédé dé orí tábìlì wọn. Ẹ jẹ́ ká ní mínísítà ọ̀rọ̀ ilé gbígbé fẹ́ yí òfin tó de owó ilé padà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ ìwé àbá, wọn yóò sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba tọ́rọ̀ kàn. Kálukú yóò kọ èrò tirẹ̀ sí i. Àwọn tó di àpò ìjọba mú yóò sọ iye tí yóò ná wọn, ẹnu wọn kì í sì í dùn. Agbẹjọ́rò àgbà ìjọba, tó ń bá wọn jókòó bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn, yóò sọ bóyá àbá náà ta ko ìwé òfin. Kí wọ́n tó wọ yàrá, ìjà tó ṣe pàtàkì ti parí lórí ìwé.

Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí di ti gbogbo wọn. Mínísítà tó lòdì sí i nínú yàrá gbọ́dọ̀ gbè é lẹ́yìn níta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1974 ló mú kí àwọn ènìyàn ṣì máa sọ̀rọ̀ nípa Liam Cosgrave, tó jẹ́ Taoiseach nígbà náà. Ìjọba rẹ̀ gbé àbádòfin wá lórí títa oògùn àti ohun èlò ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, wọ́n gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láyè láti dìbò bó bá ṣe wù wọ́n. Taoiseach fúnra rẹ̀ dìde, ó lọ dìbò ta ko àbádòfin ìjọba tí òun jẹ́ olórí rẹ̀, àbádòfin náà sì ṣubú.

Ọ̀rọ̀ inú yàrá náà kì í jáde. Ní 1992, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé àṣírí yẹn kò ṣeé tú fún ìgbìmọ̀ olùwádìí kankan. Ó tó ọdún márùn-ún kí aráàlú tó dìbò láti ṣí ilẹ̀kùn náà díẹ̀, kí ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ pé kí ọ̀rọ̀ jáde nígbà tí ìdájọ́ òdodo tàbí àǹfààní gbogbo ìlú bá pè fún un.

Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1924 ló ṣì ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Lábẹ́ rẹ̀, mínísítà fúnra rẹ̀ ni òfin mọ̀. Gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Àìmọye ìwé ló ń jáde lórúkọ rẹ̀ tí kò fojú kàn rí. Bí ọ̀ràn bá ṣẹ̀, òun ni yóò dúró níwájú Dáil láti jẹ́jọ́. Akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́ náà, tí kò bá òṣèlú lọ tí kò bá òṣèlú bọ̀, yóò sì wà níbẹ̀ nígbà tí mínísítà mìíràn bá dé.

Ààrẹ tí kì í ṣàkóso

Gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń dìbò yan ààrẹ fún ọdún méje, ó sì lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Catherine Connolly ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó búra ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Síbẹ̀ ohun tí Ìjọba bá ní kó ṣe ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ṣe. Agbára tó jẹ́ tirẹ̀ kò pọ̀. Ó lè gbé àbádòfin lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kó tó fọwọ́ sí i. Bí Taoiseach tó ti pàdánù Dáil bá sì wá bẹ̀ ẹ́ pé kó tú ilé ká, ó lè kọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bi í pé kí ló dé. Kò sí ààrẹ tó kọ̀ rí.

Ìyẹn gbé wa padà sí alẹ́ ọjọ́ bàtà ọmọdé. Bí FitzGerald ṣe ń múra láti lọ sí Áras an Uachtaráin, ilé ààrẹ, àwọn ènìyàn láti ẹgbẹ́ Fianna Fáil ń fóònù síbẹ̀, pé kí Ààrẹ Patrick Hillery má tú ilé ká, kí Charles Haughey, olórí ẹgbẹ́ wọn, lè gba ìjọba láìsí ìdìbò. Hillery kò dá wọn lóhùn. Ó tú ilé ká. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ fóònù yìí bẹ́ sílẹ̀. Brian Lenihan, tó jẹ́ Tánaiste tó sì ń dupò ààrẹ, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun kò fóònù. Kásẹ́ẹ̀tì kan jáde níbi tó ti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ṣèwádìí pé òun fóònù. Haughey, tó ti di Taoiseach, ní kó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Lenihan kọ̀. Haughey bá lo Abala 28, ààrẹ sì yọ ọ́ nípò gẹ́gẹ́ bí Taoiseach ṣe sọ. Ọ̀rẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn méjèèjì. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ló fi hàn jù lọ pé Taoiseach ló di okùn gbogbo mínísítà mú. Mary Robinson ló wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ lọ́dún náà.

Ilé-ẹjọ́ pẹ̀lú ń kó Ìjọba níjàánu. Ní 1995, Ìjọba ya £500,000 sọ́tọ̀ láti fi polongo pé kí aráàlú gbà kí òfin fàyè gba ìkọ̀sílẹ̀. Olóṣèlú kan, Patricia McKenna, pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan péré sí ọjọ́ ìdìbò, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé Ìjọba kò láṣẹ láti fi owó gbogbo ìlú gbe apá kan lẹ́yìn.

Ìjọba ìbílẹ̀: ẹ̀wọ̀n oyè àti gègé

Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀, gbogbo nǹkan yí padà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2007, Rotimi Adebari, ọmọ Òkè-Odàn ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, di méyọ̀ ìlú Portlaoise. Ọdún 2000 ló dé Ireland gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wá ibi ìsádi, ó sì wọlé gẹ́gẹ́ bíi káńsẹ́lọ̀ ní 2004. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ méyọ̀ ní orílẹ̀-èdè náà, ayọ̀ rẹ̀ sì kan wa. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí oyè náà jẹ́. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló yàn án, fún ọdún kan. Ó ń darí ìpàdé, ó ń kí àlejò, ẹ̀wọ̀n oyè sì wà lọ́rùn rẹ̀. Gègé tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn.

Ìbẹ̀rù ló bí ètò yìí. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba tuntun kò fọkàn tán àwọn káńsù: ẹ̀sùn wà pé wọ́n ń ná owó ní ìnákúnàá, pé ìbátan ni wọ́n ń gbà síṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fara mọ́ ìjọba náà. Ní 1924, wọ́n tú káńsù Dublin àti ti Cork ká, wọ́n sì fi kọmíṣọ́nnà rọ́pò wọn. Philip Monahan ló lọ sí Cork. Nígbà tí àwọn oníṣòwò rí i pé ìlú ń lọ geerege, wọn kò fẹ́ kí ó lọ mọ́. Ní 1926, wọ́n gba ìgbaniṣíṣẹ́ àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn káńsẹ́lọ̀. Ní 1929, òfin dá káńsẹ́lọ̀ padà sí Cork, ṣùgbọ́n ó fi Monahan sípò máníjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwòṣe náà ti Amẹ́ríkà wá. Òfin 1940 mú un dé gbogbo orílẹ̀-èdè, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1942. Láti 2014, Chief Executive ni wọ́n ń pe máníjà yìí.

Òfin pín iṣẹ́ káńsù sí ọ̀nà méjì. Èyí tó jẹ́ ti àwọn káńsẹ́lọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan: gbígba ètò ìsúnná wọlé, ètò ìdàgbàsókè ìlú, òfin káńsù, àyípadà díẹ̀ lórí owó orí ilé. Gbogbo iṣẹ́ tí òfin kò bá ti dárúkọ fún wọn, ti Chief Executive ni. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ẹni tí a yàn ní àkọsílẹ̀ kúkúrú lọ́wọ́. Ẹni tí a kò yàn ní gbogbo ìyókù.

Wo bí ìwé ìyọ̀ǹda ilé kíkọ́ ṣe ń rìn. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé yóò lẹ ìkéde mọ́ ẹnu ilẹ̀ rẹ̀ níbi tí ẹni tó ń kọjá ti lè kà á, yóò tún fi sínú ìwé ìròyìn, yóò sì kó àwòrán ilé lọ sí káńsù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni aládùúgbò ní láti kọ̀wé ta kò ó, owó rẹ̀ sì jẹ́ €20. Òṣìṣẹ́ tó mọ ètò ìlú dáadáa yóò lọ wo ilẹ̀ náà, yóò sì kọ ìmọ̀ràn rẹ̀. Bí wọn kò bá béèrè àlàyé sí i, ìpinnu gbọ́dọ̀ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, lábẹ́ àṣẹ Chief Executive, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá kan lábẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń fọwọ́ sí i. Káńsẹ́lọ̀ tí àdúgbò dìbò fún lè kọ̀wé, ó lè fóònù, ó lè bẹ̀bẹ̀. Kò lè pàṣẹ. Ẹni tí ìpinnu náà kò tẹ́ lọ́rùn yóò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí An Coimisiún Pleanála, ìgbìmọ̀ tó rọ́pò An Bord Pleanála ní 2025.

Ìgbà kan wà tí àwọn káńsẹ́lọ̀ lè pàṣẹ. Òfin 1955, lábẹ́ ìpín kẹrin rẹ̀, fún àwọn káńsẹ́lọ̀ láṣẹ láti dìbò kí máníjà ṣe ohun kan pàtó. Ní àwọn àgbègbè kan, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà láti fún ojúlùmọ̀ níwèé ìyọ̀ǹda tí òṣìṣẹ́ kò fẹ́ fún un. Òfin 2014 gba àṣẹ yẹn kúrò lọ́wọ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́. Ṣùgbọ́n kí a má parọ́ fún ara wa pé jíjá gègé gbà lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ ń pa ìwà ìbàjẹ́ run. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1997, tí ìròyìn ìkẹyìn rẹ̀ jáde ní 2012, rí i pé àwọn káńsẹ́lọ̀ kan ní agbègbè Dublin gba owó láti dìbò kí ilẹ̀ oko di ilẹ̀ ilé. Ìdìbò yẹn wà lára ohun díẹ̀ tí òfin fi sílẹ̀ fún wọn. Níbi tí agbára bá kù sí ni àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ń wá a lọ.

Láti òkè náà ni wọ́n ti ń bó ìjọba ìbílẹ̀. Ní 1969, mínísítà tú káńsù Dublin ká nítorí pé wọn kò gba ètò ìnáwó tó tó wọlé. Ọdún 1974 ni káńsẹ́lọ̀ tó padà síbẹ̀. Ní 1978, Ìjọba fòpin sí owó orí àtijọ́ tí onílé ń san fún káńsù, láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ káńsù ti ń nawọ́ sí ìjọba orílẹ̀-èdè. Omi ẹ̀rọ kúrò lọ́wọ́ wọn lọ sí Irish Water. Ní 2014, wọ́n pa káńsù ìlú 80 rẹ́, ti Portlaoise wà nínú wọn. Káńsù 31 ló kù fún gbogbo orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú káńsẹ́lọ̀ 949.

Ohun tí Limerick ń dán wò

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, wọ́n bi àwọn ará Cork, Waterford àti Limerick bóyá wọ́n fẹ́ dìbò yan méyọ̀ tó ní agbára gidi. Cork àti Waterford kọ̀, ìbò náà sún mọ́ra gan-an. Limerick gbà. Ó gba ọdún márùn-ún kí ìdìbò náà tó wáyé, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2024. John Moran ló wọlé, kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, ó sì ti jẹ́ akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́ ètò ìnáwó rí.

Ọ̀pọ̀ nínú agbára Chief Executive bọ́ sọ́wọ́ méyọ̀ yìí fún ọdún márùn-ún: òun ló ń gbé ètò ìsúnná kalẹ̀, òun ló ń darí ìlànà lórí ilé gbígbé àti ọ̀nà. Ìwé ìyọ̀ǹda ilé kíkọ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí yóò gba ilé káńsù, àti àkóso òṣìṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ Director General, òṣìṣẹ́ tí a kò yàn. Mo gbà pé ìyàsọ́tọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó ń wá ìbò kò yẹ kó máa pín ilé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bọ́gbọ́n mu ni pé ìlú kan ṣoṣo ló ní irú méyọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú káńsù 30 yòókù, aráàlú tí inú ń bí sí ìpinnu káńsù kò ní ẹni tó lè fi ìbò lé kúrò nítorí rẹ̀. Ìbẹ̀rù ọdún 1924 ní ìdí nígbà náà. Kò tọ́ kí ó ṣì máa darí Galway àti Dublin lóde òní.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ṣàlàyé, pẹ̀lú àpẹẹrẹ ọdún 1982 àti 2024, bí ìjọba ṣe lè ṣubú tàbí kí Taoiseach kúrò nípò láìjẹ́ pé aráàlú ti dìbò. Lẹ́yìn náà, kọ ojú ìwé kan lórí ìdí tí káńsẹ́lọ̀ kò fi lè pàṣẹ lórí ìwé ìyọ̀ǹda ilé kíkọ́, kí o sì sọ bóyá ìwọ fara mọ́ ọn. Bí o bá ń gbé ní Ireland, tí o sì ti pé ọmọ ọdún 18, iṣẹ́ kẹta wà fún ọ: ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè yòówù kó wà lọ́wọ́ rẹ, òfin fún ọ láyè láti dìbò nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, àní láti dupò pàápàá. Lọ fi orúkọ rẹ sílẹ̀ kí ìdìbò ọdún 2029 tó dé.